Ọkùnrin Tó Dúró Nínú Iná Sinimá

Ẹni tó sunkún jù níbi ìsìnkú Bàbá wa kì í ṣe ọmọ tó bí. Kì í sì í ṣe èmi tí mo jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti kékeré. Ifeọma ni. Ifeọma, ọmọ Màmá Ifeọma, ará ilé kejì tí kò bá wa tan níbì kankan. Ó sunkún débi pé àwọn àlejò ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rẹ ọmọ olóògbé lẹ́kún." Ọmọ olóògbé wo? Èmi rèé o! Mo jókòó síbẹ̀, ojú mi gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi: mò ń jowú ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jowú Ifeọma. Bàbá ní kóòtù dúdú kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, kó tó kú ló ti sọ pé Ifeọma ni kí wọ́n gbé e fún. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín aṣọ rẹ̀, mo ti pinnu pé kóòtù yẹn kò ní jáde nínú ìdílé wa, àfi tí wọ́n bá máa gbé èmi náà jáde pẹ̀lú rẹ̀. N óò dé orí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni kóòtù ná.

Àlàó ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀ ní Odoakpu ní ìlú Onitsha. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ogun abẹ́lé tó dé, ó sì gbọ́ èdè Igbo débi pé tó bá ń bá oníbàárà jà, Igbo ló fi ń jà; ó ní Yorùbá ti dùn jù fún èébú. Irọ́ ni, nítorí ó ń fi Yorùbá bú àwa náà dáadáa. Ọkùnrin gígùn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń kó abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì sí àárín ètè, yóò sì máa bá ọ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan já bọ́. Bí ó bá yọ wọ́n kúrò lẹ́nu kó tó dá ọ lóhùn, o ti wọ gàù nìyẹn.

Ìdílé olówú ni wá, mi ò ní purọ́. Bàbá gan-an ni olórí wa. Télọ̀ Ìjẹ̀bú kan wà ní òpópónà wa tí ìyá mi yìn lọ́jọ́ kan pé ó rán sùúùtù dáadáa.  Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá lọ jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ń wàásù, Bàbá ń wo ojú rírán. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú kí ẹnìkejì rẹ̀ kú àlàáfíà, ó na ọwọ́ sí Ìjẹ̀bú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàáfíà fún ọ o. Èjìká òsì ga ju ọ̀tún lọ."

Kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn tó sì bàjẹ́, tó wá gbé e padà wá, Bàbá yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rọra ká a, yóò dá a padà fún un. "Lọ bá ẹni tó gé e." Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá mi máa ń sọ pé ọkàn Bàbá dà bí àpò tí kò jò, ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde. Mo rò pé ó ń bú u ni. Àṣé ó mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó wọ àpò yẹn ni èyí. Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ́, Bàbá sá kúrò ní Onitsha, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tòun ti aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan. Ilé bàbá rẹ̀ ló sá lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ Àkàndé, ọmọ ìyá kan náà. Ṣùgbọ́n èdè Igbo ti di jàrábà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ń kí ènìyàn, á yọ. Bí ó bá ń lá àlá, á yọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wò ó, pé ta ló mọ ohun tó wá ṣe? Àkàndé, ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ló mú ẹsẹ̀ lé ọ̀nà, ó lọ sọ fún ọlọ́pàá pé amí ni ẹ̀gbọ́n òun. Wọ́n ti Bàbá mọ́lé títí ó fi rù kan egungun. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Àkàndé ò wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ogun parí, Bàbá padà sí Onitsha. Àwọn ògiri ṣì ní ojú ọta lára, ilé púpọ̀ ò ní òrùlé. Ó rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun ti lọ. Màmá Ifeọma ló jáde sí i láti ilé kejì, ó gbé e lé e lọ́wọ́, a ti fi epo pa á, a ti fi aṣọ wé e. Nígbà tí wọ́n ń sá fún ogun, obìnrin yẹn fi ìkòkò tirẹ̀ sílẹ̀, ó tú orí ẹ̀rọ Bàbá kúrò lára tábìlì rẹ̀, ó rù ú láti abúlé dé abúlé. Ọkọ rẹ̀ ò padà wálé. Ẹ̀rọ Bàbá padà. Bàbá ò jẹ́ kí ìtàn yẹn tutù lẹ́nu rẹ̀ rí, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń fi parí rẹ̀: "Ọmọ ìyá mi ló fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ará ilé kejì ló ru ẹ̀rọ mi."

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ló ru ẹ̀rọ, kí ló kan ọmọ? Nígbà tí báńkì tó gba bàbá mi, ọmọ Bàbá, síṣẹ́ gbé e wá sí Onitsha, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lẹ́yìn ilé ìwé, Ifeọma ni mo bá lórí àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ó jù mí lọ dáadáa, ó ti fẹ́ wọ ilé ìwé girama. Òun ni Bàbá kọ́kọ́ máa ń fún ní àjákù aṣọ, àwọn èyí tó ń dán. Èmi ló máa ń fún ní àjákù kákí. Wọ́n á máa fi Igbo rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn á máa wo ẹnu wọn bí adití. Ìyá mi ní, "Àbẹ̀kẹ́, àǹtí ni kí o máa pè é, ó jù ọ́ lọ." Mi ò pè é rí. Bí wọ́n tilẹ̀ mú ọ̀pá, mi ò ní pè é.

Owó epo rọ̀bì wá dé. Ẹ ò lè mọ bí ìlú ṣe rí: sìmẹ́ǹtì níbi gbogbo, páànù tuntun ń tàn yanran lórí ilé, ẹni tí kò ní bàtà lánàá ń gun ọkọ̀ lónìí, gbogbo wọn ló sì fẹ́ aṣọ. Ilé sinimá tí ogun fọ́ tún ṣí. Fíìmù amí kan wá dé tí gbogbo ìlú ń sọ. Àwọn ọmọ àdúgbò kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Nínú fíìmù, ẹni rere là ń pè ní ákítọ̀, ìkà là ń pè ní bọ́ọ̀sì. "Ákítọ̀ kì í kú!" ni wọ́n ń pariwo kiri, wọ́n á na ìka bí ìbọn.

Bọ́ọ̀sì inú fíìmù yẹn ti jẹ́ amí fún ìjọba rẹ̀ nígbà kan rí. Wọ́n rán an níṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì sọ fún gbogbo ayé pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó jìyà lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó wọ kóòtù dúdú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo àwọn tó sẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀ ló fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ákítọ̀ ni wọ́n rán kó lọ dá a dúró.

Ẹnu ọ̀nà sinimá ò gbà mí wọlé, wọ́n ní mo kéré. Ifeọma ni Bàbá ń mú lọ. Òyìnbó inú fíìmù ń yára sọ̀rọ̀, Bàbá ò gbọ́. Ifeọma ni yóò máa sọ ọ́ sí i létí ní Igbo. Wọ́n lọ títí mi ò fi mọ iye ìgbà mọ́. Wọ́n á padà dé, ẹ̀pà yíyan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" "O ò lè mọ̀." Ẹ gbà mí! Mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé Màmá Ifeọma, màá fi ẹsẹ̀ gbá ògiri.

Gbogbo ìlú ń ṣe ti ákítọ̀, Bàbá ń ṣe ti bọ́ọ̀sì. Àwọn oníbàárà ń wá pé kó rán sùúùtù funfun ákítọ̀ fún àwọn, ó ní rárá, ó ń lé wọn lọ sọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú ń rán an, ó ń sanra. Bàbá ń rán kóòtù dúdú. Kò sí àpẹẹrẹ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ wò ó nínú òkùnkùn ni, ó ń fi ojú wọn èjìká, tó bá délé á gé e, tí kò bá rí bí ó ṣe rí i, á tú u, á tún padà lọ wò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní kó rán an. Nígbà tí bàbá mi bi í pé kí ló rí lára ìkà yìí, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀yin ń bi mí ohun tí ó ṣe. Ẹ bi mí ohun tí wọ́n ṣe sí i."

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ kan, fíìmù fẹ́ parí, bọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀, ákítọ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá dìde. Ó gun orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó dúró gbọingbọin nínú iná tó ń gbé àwòrán lọ sí ara ògiri, ó na apá méjèèjì. Òkùnkùn bo ògiri. Gbogbo sinimá hó. "Who be dat? Comot for light!" "Nọdụ ala! Papa, jókòó!" Wọ́n ju ẹ̀pà lù ú, wọ́n ju bàtà lù ú, kò mira títí ohùn ìbọn fi dún tó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ Odoakpu ti ń pè é ní Papa Comot-for-Light. Onísinimá ní kó má wá mọ́. Èmi o? Ojú ò tì mí rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ifeọma wà níbẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí Ifeọma lọ sí ilé ìwé girama tí wọ́n ń gbé, àpótí wá di tèmi. Ọlọ́run ló kó mi yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bàbá ń ṣẹ́ etí kóòtù, mo bi í pé, "Bàbá, bọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó kú?" Ẹkún ti wà lójú mi, nítorí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láìrí i rí.

Bàbá wò mí pẹ́. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ó dé ẹnu ọ̀nà, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ló jáde, kò mọ ẹni tó jẹ́, ó rò pé àlejò ni. Ó bu omi ìfọwọ́ wá, ó kúnlẹ̀. Bí ènìyàn bá ti bu omi fún ọ, ṣé o tún lè yin ìbọn? Onílé wá bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó wọlé, ó jókòó."

"Kò wá pa á mọ́?"

"Ó jẹun ná."

Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ẹni tó wo fíìmù ló ń sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí bí orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ṣe, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀nà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Imú rẹ̀ ni imú Bàbá gẹ́lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Bàbá ń gé aṣọ lọ́wọ́. Ó dìde, sísọ́ọ̀sì ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Mi ò rí i kí ojú ènìyàn dúdú bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé Àkàndé nìyí.  Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó tún gbé ìkejì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Èmi mọ ohun tó kàn. Mo ti gbọ́ fíìmù náà tán. Mo sáré sẹ́yìn, mo bu omi sínú abọ́, mo gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, mo kúnlẹ̀ síwájú àlejò. "Ẹ fọwọ́, sà." Mo wá yí ojú sí Bàbá, mò ń dúró kó sọ tirẹ̀. Ó wo abọ́, ó wò mí.   Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé orí tábìlì.

"Àkàndé, ṣé o ti jẹun?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún sínú omi ìfọwọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀ o. Bàbá bá a jẹun, ó wọn ara rẹ̀, ó rán búbá àti ṣòkòtò fún un, ṣùgbọ́n kò bá a rẹ́rìn-ín títí ó fi padà sílé. Nígbà tí ìyá mi ń yìn ín pé ó ṣe bí àgbà, ó yínmú. "Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́." Ó tún fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

Ìyẹn ni Bàbá, ìyẹn ni ẹni tí mo jókòó tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló yẹ kó gba kóòtù?

Lọ́jọ́ ìpín aṣọ, a pé jọ sí yàrá rẹ̀ ní Odoakpu. Bàbá mi ń mú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan: búbá fún tibí, agbádá fún tọ̀hún. Fìlà mẹ́ta kàn mí. Fìlà! Nígbà tó gbé kóòtù dúdú sókè, tó pe Ifeọma, mo dìde, mo di apá kan mú. Ifeọma, tó ti di ìyá ọmọ báyìí, tó wá láti ilé rẹ̀ ní Awada, di apá kejì mú. Ìyá mi ní, "Àbẹ̀kẹ́, má ṣe báyìí níwájú àlejò." Mo ní àlejò ni kó fi í sílẹ̀.

"Torí pé o wo fíìmù ni, àbí?" Mo ń pariwo. "Èmi náà mọ fíìmù yẹn! Mo mọ bí ọmọbìnrin yẹn ṣe bu omi fún bọ́ọ̀sì, mo mọ bí wọ́n ṣe ní kó wá jẹun!"

Ifeọma tú ọwọ́ sílẹ̀. "Omi wo?"

"Omi ìfọwọ́!"

"Àbẹ̀kẹ́, biko, jọ̀ọ́, kò sí omi níbẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin kankan." Ó jókòó sí etí ibùsùn Bàbá. "Wọ́n yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ni. Ọjọ́ tí Papa dìde nínú iná, dàńṣíkí funfun ló wọ̀. Àwòrán ò dé ara ògiri mọ́, ara aṣọ rẹ̀ ló bọ́ sí. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí i. Ẹ̀yìn Papa ni ọkùnrin yẹn kú sí. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, tí Papa bá kọ ẹ̀yìn sí mi, ikú yẹn ni mò ń rí."

 Mo ṣì di kóòtù mú.

"Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá tó sì lọ, Papa wá sọ́dọ̀ màmá mi. Mo wà nílé ní ọlidé, mo gbọ́. Ó ní òun ti fẹ́ gún ọkùnrin yẹn. Ó ní, 'Irọ́ tí mo pa fún ọmọ yẹn kó má baà sunkún, òun ló gbé omi wá pàdé mi.' Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ irú rẹ̀ fún èmi náà. Ó ní èmi ti rí òótọ́, kò lè wọ̀ mí létí mọ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ láéláé, pé, 'Jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀.' Èmi, ó ní òun á fún mi ní kóòtù." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ti ń jowú rẹ tipẹ́, ìwọ ọmọ yìí. O ò tilẹ̀ kí mi dáadáa rí."

 Mo wo kóòtù tó wà lọ́wọ́ mi, èjìká rẹ̀ tó gún régé bí ìgbà tó ń tú u tó ń tún un rán. Mo gbé e wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó tóbi jù fún un, ó bò ó dé orúnkún, ó sì dùn mọ́ mi díẹ̀ pé ó tóbi jù. Mi ò ní purọ́ nílé òkú.

Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo bu omi sínú abọ́, mo gbé e wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí Ifeọma," mo ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"